Pọ́sítà Fíìmù Tí Kò Wuni: Ẹ Jẹ́ Kó Wà Bó Ṣe Wà

Ẹ̀yin ará mi ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndó, mo ní ọ̀rọ̀ kan bá yín sọ kí òjò tó wọlé dáadáa. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú yín tó ń kó pọ́sítà fíìmù Yorùbá àtijọ́ jọ, àwọn tí wọ́n fi àwọ̀ kan tàbí méjì péré tẹ̀, tí pupa rẹ̀ ti ṣá, tí dúdú rẹ̀ ti ràn, tí ojú òṣèré inú rẹ̀ sì dà bí ẹni tí wọ́n fi èédú kùn. Àwọn aládùúgbò ń bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi pàǹtírí ṣe. Èmi ò ní bi yín. Èmi náà ń kó o. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí nǹkan yìí gba owó lọ́wọ́ ọmọlúàbí, mo ti rí i tó gbé àìsàn wọ inú ilé, mo sì ti fi ọwọ́ ara mi ba èyí tó dáa jù nínú tèmi jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí pọ́sítà wọ̀nyí kò fi lẹ́wà. Ní 1976 ni Ọlá Balógun gbé fíìmù Àjàní Ògún jáde. Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979, ó sì fi Jáíyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980. Ní 1982, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá tiwa, gbé Ọ̀run Móoru síta, fíìmù tí àwọn olè dà kọ lọ́nà àìtọ́ tó sì kó o sí wàhálà owó ńlá. Ará tíátà alárìnjò ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù nígbà yẹn. Bí wọ́n ṣe ń gbé eré orí ìtàgé láti ìlú dé ìlú náà ni wọ́n ṣe ń gbé fíìmù, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, láti ọgbà ilé ẹ̀kọ́ dé pápá ìṣeré. Ọkọ̀ tó gbé gbohùngbohùn sórí á kéde yí ìlú ká, pọ́sítà á máa bá a lọ lára ògiri.

Nílé ìtẹ̀wé ayé ìgbà náà, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní pléètì tirẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń gba inú ẹ̀rọ kọjá lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ mẹ́rin yóò san owó pléètì mẹ́rin, owó oṣù àwọn òṣèré sì wà nílẹ̀ tí kò tíì san. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń jẹ́ dúdú àti pupa, tàbí dúdú nìkan, lórí bébà olówó pọ́ọ́kú, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn. Wọ́n á fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí wọ́n lè fi ọwọ́ kọ ọjọ́, aago àti gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ lò nílùú kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rò pé a óò tọ́jú rẹ̀. Òjò ọ̀sẹ̀ kejì ló yẹ kó fọ̀ ọ́ dànù.

Àìdára ojú yẹn kì í ṣe àìsàn tó yẹ ká wá oògùn sí. Òun lẹ̀rí ibi tó ti wá. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ò ju èyí lọ: ẹ má rà á torí pé ó ń dán, ẹ má sì gbìyànjú àtimú un dán.

Ayédèrú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣọ́ra fún. Ohun tí àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ rọrùn láti yí. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ lè ṣe ogún kí ilẹ̀ tó ṣú. Á rì í sínú omi tíì kó lè pọ́n, á ká a sí mẹ́rin, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀, ó ti di ti ayé Ògúndé. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gánà. Láàrin ọdún 1980 sí 1999, wọ́n máa ń fi ọwọ́ ya pọ́sítà fíìmù sórí àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n tú, fún àwọn tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n àti fídíò kiri ìlú àti abúlé. Nígbà tí àwọn olùkójọ láti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí rà wọ́n, tí Ernie Wolfe sì ṣe ìwé ńlá Extreme Canvas lé wọn lórí ní 2000, àwọn ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí ya tuntun fún àwọn tó fẹ́ rà. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ayàwòrán jẹun níbi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni kí ẹnìkan gbé ti àná fún yín, kó sì gba owó ti ogójì ọdún sẹ́yìn.

Àwọ̀ tí kò pọ̀ yìí kan náà ni yóò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ wá awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá, irú èyí tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń lò. Ẹ gbé e lé ibi tó pupa. Bí pọ́sítà náà bá jẹ́ ojúlówó aláwọ̀ méjì, pupa kan ṣoṣo lẹ óò rí, íńkì tí wọ́n ti pò kó tó wọ inú ẹ̀rọ. Lára àwòrán ẹ lè rí i ní tótòtó, ṣùgbọ́n tótòtó àwọ̀ kan náà ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ ẹ́, pupa yẹn á tú yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ lójú yín: ẹ̀kán àwọ̀ osùn àti àwọ̀ ìyeyè tó há síra wọn ló ń jọ pupa lókèèrè. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìka tọ ibi tí wọ́n ká a sí. Bí ojú yín bá ń rí ìlà, tí ìka yín kò sì mọ̀ ọ́n, inú fọ́tò ni ìlà náà wà, kì í ṣe lára bébà. Iná aláwọ̀ búlúù tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó náírà wò náà wúlò: ọ̀pọ̀ bébà òde òní máa ń tàn yòò lábẹ́ rẹ̀ bí aṣọ funfun tí wọ́n fi búlúù ṣan, bébà olówó pọ́ọ́kú àtijọ́ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbára lé ẹyọ kan nínú àyẹ̀wò wọ̀nyí. Ẹ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí kò bá gbà kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Nípa owó, ẹ má sanwó sílẹ̀ fún fọ́tò orí fóònù. Ẹ ní kí olùtà ya ẹ̀yìn pọ́sítà náà, kó kọ orúkọ yín àti ọjọ́ òní sórí bébà kan, kó gbé e tì í, kó tún un yà. Ẹ pàdé ní ọ̀sán, níbi tí èrò wà. Ọjà Ìkòtún kì í dá. Ẹ mú ẹnìkan dání. Ẹ má tẹ̀ lé àjèjì wọ ilé torí pé ó ní àpótí kan wà lábẹ́ ibùsùn bàbá òun. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fi owó àjọ rà á, ẹ má sì lọ yá owó lórí fóònù, lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí ẹni bí ẹni náà bá fi ọjọ́ kan pẹ́. Nǹkan yìí kò ní iye kan pàtó lọ́jà wa. Ẹni tó bá ní ẹ óò tà á fún òyìnbó ní ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ bi í léèrè ohun tó dí òun lọ́wọ́.

Ẹ tún bi í pé níbo ló ti rí i. Tí ẹ bá rí òǹtẹ̀ ilé ìkàwé tàbí ti ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dá a padà sí i lọ́wọ́, torí òfin kò fojúure wo ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ra ẹrù olè. Ti inú ẹbí le ju ìyẹn lọ nígbà mìíràn. Mo mọ ilé kan tí ọmọ ti kó ìwé, fọ́tò àti pọ́sítà bàbá rẹ̀ tó ti ṣe tíátà rí tà, tí àwọn ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó rà á dá a padà, owó rẹ̀ kò padà. Bí ó bá jẹ́ ti ilé olóògbé, ẹ jẹ́ kí àgbà ilé kan wà níbẹ̀, kí ẹ kọ ìwé ìsanwó, kí olùtà fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi. Mo ní pọ́sítà kan tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi tẹ́ inú àpótí aṣọ rẹ̀. Dúdú àti pupa ni. Òkè rẹ̀ ti ya lọ pẹ̀lú orúkọ fíìmù, ikán sì ti jẹ igun ìsàlẹ̀ níbi tí orúkọ gbọ̀ngàn wà. Ohun tó kù ni obìnrin kan tó la ẹnu sílẹ̀, tí pupa gèlè rẹ̀ yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ díẹ̀, tí funfun tín-ín-rín sì yọ láàrin wọn bí òwú. Lábẹ́ rẹ̀ ẹnìkan ti fi báírò búlúù kọ ọ́ pé Sátidé, aago mẹ́jọ alẹ́. Ó fa ìlà sí abẹ́ mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà kejì tẹ bébà náà débi pé ẹ lè fi ìka mọ̀ ọ́n láti ẹ̀yìn.

Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi tí mo fi gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe lámínéètì. Mo rò pé mò ń dáàbò bò ó ni. Ẹ̀rọ gbígbóná yẹn fà á wọlé, ó sì jáde ní dídán bíi káàdì ìdánimọ̀. Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ níwájú fèrèsé. Kí ọdún tó yí po, pupa rẹ̀ ti di àwọ̀ omi ọ̀sàn, torí oòrùn máa ń jẹ pupa kó tó jẹ dúdú. Gọ́ọ̀mù inú ọ̀rá náà sì ti fa báírò yẹn ràn. Ìlà méjì ti di àbàwọ́n búlúù kan ṣoṣo. N kò lè bó ọ̀rá náà, torí bí mo bá fà á, bébà á bá a wá. Ẹni tó bá mi ṣe é kò ṣẹ̀ mí. Iṣẹ́ tí mo bẹ̀ ẹ́ ló ṣe.

Nítorí náà, ẹ má ṣe é ní lámínéètì. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, torí á pọ́n, á gbẹ, á jábọ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì kù sínú bébà títí ayé. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Ẹ má fi síṣọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ kó lè gún, ẹ má lọ̀ ọ́ ní áyọ́ọ̀nù, ẹ má sì fi máákà kun ibi tí dúdú ti ṣí. Bí ó bá ya, ẹ fi bébà funfun mímọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó gbé e dúró, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú páálí, láàrin bébà méjì tí a kò tẹ nǹkan sí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́ kí àlejò rí i, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ gbé fọ́tò náà kọ́.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni àwọn nǹkan tí a ń fi lé kòkòrò. Mo mọ̀ pé ikán, aáyán àti àwọn kòkòrò pẹlẹbẹ tó ń jẹ ìwé kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ṣùgbọ́n ẹ má da káńfọ̀ sínú páálí pọ́sítà nínú yàrá tí ìkókó ń sùn. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá, pàápàá àwọn ọmọkùnrin, la bí tí kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọn kò sì mọ̀. Òórùn káńfọ̀ rògódò funfun yẹn lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kó fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ tàbí kó pa á. Bí ojú ọmọ bá pọ́n bí ìyeyè, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú, bí kò bá fẹ́ mu ọmú, ẹ má sè àgbo, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ilé Ìwòsàn Gbogbogbò Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndó. Ẹ gbé e lọ.

Ẹ má fi Sniper wọ́n ọn náà. Oògùn oko ni, èémí rẹ̀ kò yẹ inú ilé. Ohun tí ojú rí ló jẹ́ kí NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, láti 100ml sísàlẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Bébà á fà á mu, ẹ óò sì máa fi ọwọ́ kan bébà yẹn, ẹ óò máa fi ọwọ́ yẹn jẹun. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńláńlá máa ń di ìwé sínú ọ̀rá, wọ́n á sì fi í sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí òtútù lè pa kòkòrò rẹ̀. Pẹ̀lú bí iná wa ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má dán an wò, torí omi ni yóò kó sí i. Ìmọ́tótó ló kù fún wa: kí páálí yẹn kúrò nílẹ̀, kó jìnnà sí ògiri tó ń rin, kí oúnjẹ má sún mọ́ ọn, kí ẹ sì máa ṣí i wò lóṣooṣù.

Bí ẹ bá rà á láti inú àpótí tó ti pẹ́ nínú yàrá ẹrù, ẹ wò ó bóyá ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ eku wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ibà Lassa ti ń wá. Ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, torí eruku yẹn lẹ máa fà símú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú àti ẹnu, ẹ fi omi tí ẹ po Jik tàbí Hypo mọ́ wọ́n àpótí àti ilẹ̀ kí ẹ tó nù ún. Pọ́sítà tí ìtọ̀ eku bá ti rin, ẹ jẹ́ kó lọ. Mo mọ̀ pé ó máa dun ẹni tó ń kó nǹkan jọ. Ẹ jẹ́ kó lọ. Bí èébu bá sì ti bo àwọn bébà inú àpótí náà, ẹni tó bá ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò tú u. Ẹ má sì rán ọmọ lọ ṣa bébà ní ààtàn Solous ní Ìgàndó, bó ti wù kí àwọn tó ń ṣa ìdọ̀tí níbẹ̀ sọ pé àwọn rí ìwé àtijọ́ tó. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, ìgò fífọ́ wà níbẹ̀, èéfín rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni.

Ẹ má tọ́jú páálí yín sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù wà. Mo sọ ọ́ torí pé yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé yẹn ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé ó gbẹ jù.

Ọ̀rọ̀ òfin kan wà tí mo fẹ́ fi kún un. Rírà tí ẹ ra bébà kò sọ pé ẹ ra àwòrán orí rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, tí wọ́n tún ṣe ní 2022, dáàbò bo iṣẹ́ ayàwòrán fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn tó bá kú. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ tàbí kí ẹ tún un tẹ̀ fún títà, ẹ wá àwọn tó ni ín lọ. Ẹ rántí Bàbá Sàlá.

Bí òjò bá sì ti wọlé kẹ́ ẹ tó ka èyí, tí omi ti dé inú páálí, ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì kánjú. Ẹ má fa èyí tó lẹ̀ mọ́ra ya sọ́tọ̀. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀ lé aṣọ mímọ́ lórí tábìlì, nínú ilé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ṣùgbọ́n tí oòrùn kò dé. Fáànù lè máa fẹ́ inú yàrá, ẹ má kọjú rẹ̀ sí i. Ẹ pààrọ̀ aṣọ abẹ́ rẹ̀ bó bá ti rin. Bó bá ṣe ń gbẹ ni yóò máa jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, kódà lálẹ́ òní, ẹ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, iwájú àti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú bébà mìíràn, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ibi tí pọ́sítà kọ̀ọ̀kan ti wá, ọwọ́ ẹni tí ẹ ti gbà á, àti ohunkóhun tí ẹni náà bá rántí nípa rẹ̀. Ẹ bi í nígbà tó ṣì wà láàyè. Èmi kò bi ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó ti kú, n kò sì mọ ìlú tí wọ́n ti ń retí èrò ní aago mẹ́jọ alẹ́ Sátidé yẹn.